Bí A Ṣe Ń Yan Dírílì Alábátìrì fún Ilé Iṣẹ́

Lónìí, ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kan ni a fẹ́ kà. Irinṣẹ́ náà ni dírílì alábátìrì, èyí tí a fi ń lu ihò, tí a sì fi ń dè súkúrù, tí kò ní okùn iná lẹ́yìn. Káfíńtà ń lò ó. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ń lò ó. Àwọn tó ń kan àjà ilé ń lò ó. Àwọn tó ń so sólà mọ́ òrùlé náà ń lò ó.

Owó kékeré kọ́ ni a fi ń rà á. Ẹlòmíràn á dá àjọ fún oṣù mélòó kan kí ó tó lè rà á. Bí ó bá wá ra èyí tí kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀, owó àjọ ti wọ igbó nìyẹn. Ohun tó sì ń dunni níbẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ọ̀rọ̀ wà lára ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ara bátìrì, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ṣájà. Ẹni tó bá lè kà á ni yóò rí i. Ẹ̀yin ti lè kà á báyìí. Ẹ jẹ́ kí á jọ kà á.

1. Láti orí ìlu dé orí dírílì

Ihò lílu kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Ìlu ni àwọn baba wa ń lò. Bí igbá bá là, wọ́n á fi ìlu lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó là, wọ́n á sì fi okùn rán an pọ̀. Bí igi bá le, wọ́n á ti irin bọ iná, wọ́n á fi jó ihò sí i. Nígbà tó yá, àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí a ń fi ọwọ́ yí. Iṣẹ́ agbára ni. Bí ihò bá pọ̀, apá á ro onítọ̀hún dọ́la.

Ní ọdún 1895, ní ìlú Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, ilé iṣẹ́ Fein ṣe dírílì oníná tí a lè gbé lọ́wọ́. Ní ọdún 1917, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Black & Decker gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí a ń dì mú bí ìbọn ìléwọ́, tí a sì ń fi ìka kan tẹ̀. Bí dírílì ti rí títí di òní nìyẹn. Ní ọdún 1961, ilé iṣẹ́ yìí kan náà gbé dírílì alábátìrì jáde. Ṣùgbọ́n bátìrì ayé ìgbà náà wúwo, kò sì lágbára púpọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2005 ni bátìrì líthíọ́mù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú irinṣẹ́. Irú bátìrì yìí ló wà nínú fóònù ọwọ́ yín. Ó fúyẹ́, ó sì gba iná púpọ̀ sára. Òun ló jẹ́ kí dírílì kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá.

2. Kí ni èrè rẹ̀ fún wa?

Dírílì olókùn kò burú. Bí iná mànàmáná bá wà níbi iṣẹ́ yín nígbà gbogbo, tí ẹ kì í sì í gbé iṣẹ́ jáde, òun gan-an lè tó yín. Owó rẹ̀ kéré, kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ti rí lọ́dọ̀ wa. Iná lè lọ nígbà tí iṣẹ́ wà lórí tábìlì. Ẹni tó ń lo dírílì olókùn gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ihò mẹ́rin péré. Kí ó tó di ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní àwọn ilé epo kan. Lọ́jọ́ náà ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kò pẹ́ tí lítà kan fi ju ₦500 lọ ní ibi púpọ̀. Láti ìgbà náà, oníṣẹ́ ọwọ́ ti mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí a bá tan jẹnẹrétọ̀, èrè ló ń jó.

Bátìrì dírílì kékeré kan kò gba iná púpọ̀ láti kún. Iná tó ń kún inú bátìrì 18V tó jẹ́ 2Ah kò ju èyí tí gílóòbù 9 wáàtì ń jẹ ní wákàtí 4 lọ. Bí iná bá dé fún wákàtí kan tàbí méjì lóru, bátìrì lè kún. Ní òwúrọ̀ ẹ ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, ẹ kò ní bẹ ẹnikẹ́ni fún iná.

3. Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ bi ara yín: iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ ra dírílì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó wọ̀n. Èyí tó tóbi jù kọ́ ló dára jù.

Bí ó bá jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, àga, hínjì ilẹ̀kùn, àti súkúrù wẹ́wẹ́ ni ẹ ń ṣe lójoojúmọ́, dírílì 12V lè tó yín. Kò ju nǹkan bí kílò kan lọ. Ó ń wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ńlá kò lè wọ̀.

Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ oríṣiríṣi, tí ẹ ń lu igi líle, tí ẹ ń lu irin díẹ̀, tí ẹ sì ń ti súkúrù gígùn wọ pákó, dírílì 18V tó kúrú ni kí ẹ wá. Tòun ti bátìrì kékeré, ó lè wọ̀n tó kílò kan àbọ̀. Òun ló yẹ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́.

Bí ẹ bá ń lu ògiri búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ra èyí tí wọ́n ya àwòrán òòlù kékeré sí lára. Ó ń yí, ó sì ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òpó kọnkéré ni ẹ ń lu lójoojúmọ́, ẹ má fi dírílì kékeré dán an wò. Ẹ̀rọ mìíràn wà fún ìyẹn, èyí tó tóbi, tó ń gbá gidigidi. Ẹni tó bá fi dírílì kékeré lu kọnkéré láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òun gan-an ló ń pa á.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìwúwo pẹ̀lú. Kílò méjì kì í ṣe nǹkan lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kílò méjì sókè orí láti kan àjà yàrá mẹ́rin, ẹ ó mọ̀ pé kílò méjì wúwo. Nítorí náà, ẹ mú èyí tó kéré jù lọ nínú àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ yín.

4. Kíka lẹ́tà V

Lára bátìrì, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà V tẹ̀ lé. Fóòtì ni a ń pè é. Òun ló ń sọ bí bátìrì ti ń ti iná jáde tó.

Níbí ni ẹ̀tàn ti pọ̀ jù. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Nínú bátìrì dírílì, àwọn ọmọ bátìrì kéékèèké ló wà níbẹ̀ tí a so pọ̀. Ọmọ bátìrì kan jẹ́ 3.6V. Bí a bá so 5 pọ̀, ó di 18V. Nígbà tí bátìrì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, nọ́ńbà náà máa ń gòkè díẹ̀. Ó lè tó 20 tàbí 21. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń padà sí 18.

Ẹ wò ó bí kóńgò gàárì. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú, ó ní òkìtì lórí. Bí a bá fi ọwọ́ nù ún, ó di dọ́gba. Kóńgò kan náà ni. Ẹni tó kọ 18V ka kóńgò tó dọ́gba. Ẹni tó kọ 20V MAX ka òkìtì mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ DeWalt ń kọ 20V MAX sí ara irinṣẹ́ tó ń tà ní Amẹ́ríkà, ó sì ń kọ 18V sí ara irú rẹ̀ tó ń tà ní Ìlú Ọba. Agbára kan náà ni. Bákan náà ni 10.8V àti 12V MAX. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá sọ pé kí ẹ fi owó kún owó nítorí 20 ju 18 lọ, ẹ má fi kún un.

Ohun mìíràn tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Ẹ ó rí àwọn dírílì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 48V tàbí 88V sí lára, tí wọ́n á tún fi lẹ́tà F sí i. Nọ́ńbà ẹnu lásán ni. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà. Ṣájà kò lè kún bátìrì ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé jáde lọ. Ẹ gbọ́ bí oníbàárà kan àti ọlọ́jà ṣe lè bá ara wọn sọ ọ́:

Oníbàárà: Ẹ kú ọjà o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wo dírílì.

Ọlọ́jà: Ẹ káàbọ̀, bàbá. Èyí gan-an ni kí ẹ mú. 48 ni. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn, 18 péré ni.

Oníbàárà: Ó dáa. Ṣájà rẹ̀ dà?

Ọlọ́jà: Òun rèé, sà.

Oníbàárà: Wọ́n kọ “Output 21V” síbí. Báwo ni ṣájà 21 ṣe fẹ́ kún bátìrì 48?

Ọlọ́jà: Háà, bàbá, ẹ ti kà á! Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ láti ibi tí wọ́n ti kó o wá nìyẹn o.

Oníbàárà: Mo gbà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́. Àmọ́ iye 18 ni kí ẹ dá lé e, kí á má dá iye 48 lé e.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí ìjà, kò sí èébú. Ọ̀rọ̀ kan, “Output”, àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, ló yanjú ọ̀rọ̀. “Output” ni ohun tí ṣájà ń gbé jáde. Lára ṣájà mìíràn, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì, kékeré àti ńlá. Èyí tó tóbi ni kí ẹ fi wé ti bátìrì.

5. Kíka lẹ́tà Ah

Nọ́ńbà kejì lára bátìrì ni èyí tí Ah tẹ̀ lé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ rò ó bí ọkọ̀. V ni agbára tí ọkọ̀ fi ń gun òkè. Ah ni bí táǹkì epo ti tóbi tó. Bátìrì 4Ah kò mú kí ẹ̀rọ kan náà di méjì. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò ṣiṣẹ́ pẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 2Ah.

Ẹ lè fi ìṣirò wo gbogbo iná inú bátìrì. Ẹ fi V lọ́po Ah.

18 lọ́nà 2 jẹ́ 36.
18 lọ́nà 4 jẹ́ 72.
12 lọ́nà 2 jẹ́ 24.

Wáàtì fún wákàtí kan ni a fi ń kà á. Nípa báyìí, ẹ lè fi bátìrì ilé iṣẹ́ kan wé ti òmíràn.

Èwo ló wá dára, bátìrì 4Ah kan ni, àbí 2Ah méjì? Fún ilé iṣẹ́ tí iná kì í dúró, ẹ mú 2Ah méjì. Bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, ìkejì á wà lórí ṣájà. Dírílì á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, iṣẹ́ kò ní dúró. Ẹni tó ní bátìrì kan ṣoṣo yóò jókòó ti ṣájà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Nọ́ńbà Ah náà lè jẹ́ irọ́. Ẹ gbé bátìrì méjì tó jẹ́ irú kan náà sọ́wọ́. Èyí tó gba iná púpọ̀ sára sábà máa ń wúwo jù. Bí bátìrì kan bá kéré, tó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ńlá sí i, ẹ fura.

6. Agbára ìlọ́, ẹnu ẹ̀rọ, àti òrùka onínọ́ńbà

Lára páálí dírílì, ẹ ó rí Nm. Èyí ni agbára tí ẹ̀rọ fi ń lọ́ nǹkan. Ẹ fojú inú wo sípánà tó gùn ní mítà kan. Bí a bá gbé ẹrù kílò 5 kọ́ sí ìparí rẹ̀, ìlọ́ náà sún mọ́ 50 Nm. Dírílì 12V kékeré sábà máa ń ní nǹkan bí 30. Dírílì 18V tó kúrú sábà máa ń ní nǹkan bí 50 sí 60. Àwọn ńlá wà tó ju 100 lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Bí bíìtì bá há sínú igi lójijì, agbára yẹn kan náà ni yóò lọ́ ọrùn ọwọ́ yín. Àwọn ńlá yìí ni a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

Ẹnu ẹ̀rọ ni ibi tí a ń ti bíìtì bọ̀. Ó lè jẹ́ 10 mm, ó sì lè jẹ́ 13 mm. Nọ́ńbà yìí ni bí ìdí bíìtì ti lè nípọn tó kí ó lè wọlé. Bí ẹ bá ti ní bíìtì onídìí ńlá nílé, ẹ gbé e dání lọ sọ́jà.

Lẹ́yìn ẹnu ẹ̀rọ, òrùka kan wà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí yí ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kàn án rárá, bẹ́ẹ̀ ohun iyebíye ni. Òun ló ń sọ ìgbà tí ẹ̀rọ yóò dáwọ́ dúró nígbà tí a bá ń dè súkúrù. Nọ́ńbà kékeré wà fún bọ́ọ̀dù rírọ̀, nọ́ńbà ńlá wà fún igi líle. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà kékeré. Bí súkúrù kò bá tíì jókòó, ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì kún un. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, súkúrù kò ní fọ́ bọ́ọ̀dù, orí rẹ̀ kò sì ní jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lu ihò, ẹ yí òrùka náà sí ibi tí wọ́n ya àwòrán bíìtì sí.

Lórí ẹ̀rọ, ẹ ó tún rí 1 àti 2. Jíà ni wọ́n. 1 ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ní agbára. Òun la fi ń dè súkúrù, òun la sì fi ń lu ihò ńlá. 2 ń sáré. Òun la fi ń lu ihò kéékèèké. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró pátápátá kí ẹ tó pa jíà dà.

7. Ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní “brushless”

Nínú dírílì ti àtijọ́, èédú kéékèèké méjì ló ń gbé iná wọ inú ibi tó ń yí. Èédú yìí máa ń fi ara ra á bó ti ń yí, ó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ tán, ẹ̀rọ á dákẹ́. Bí ẹ bá rí “brushless” lára ẹ̀rọ, ó túmọ̀ sí pé kò ní èédú yìí. Kì í gbóná púpọ̀, ó sì máa ń lo iná inú bátìrì dáadáa ju ekeji lọ. Owó rẹ̀ ni ó ga. Ẹni tó ń lu ihò láti àárọ̀ dé alẹ́, ó yẹ kí ó ra á. Ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ní èédú lè tó o.

8. Bátìrì ní ìdílé

Bátìrì ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ ra dírílì ni ẹ yan ìdílé. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìrẹ́pákó tàbí iná ìléwọ́ lọ́la, láti inú ìdílé yẹn náà ni, kí bátìrì kan lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Kí ẹ tó yan, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta bátìrì rẹ̀ lọ́tọ̀ ní àdúgbò yín. Dírílì tí a kò rí bátìrì rẹ̀ rà mọ́ kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí a kò rí táyà rẹ̀ rà.

Ẹ tún ka páálí náà dáadáa. Bí ẹ bá rí “Body only”, tàbí “Bare”, tàbí “Solo”, tàbí “Tool only”, kò sí bátìrì nínú rẹ̀, kò sí ṣájà. Orí ẹ̀rọ nìkan ni. Ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe olè ni wọ́n jà yín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kò kà á ló máa délé kí ó tó mọ̀. Bátìrì àti ṣájà sì lè gba owó tó tó ti ẹ̀rọ náà.

9. Dírílì tí ará òkè òkun fi ránṣẹ́

Àwọn ènìyàn wa pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba. Ọmọ lè fi dírílì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, kí inú bàbá sì dùn. Kí ẹ tó ti ṣájà bọ ògiri, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ “Input” sí. “Input” ni iná tí ṣájà ń gbà wọlé.

Iná ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230V. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V. Bí wọ́n bá kọ “Input 120V” nìkan, ẹ má ti ṣájà náà bọ iná wa. Yóò jóná. Bí wọ́n bá kọ “Input 100–240V”, ó gba ti ibí, ó gba ti ọ̀hún. Bí wọ́n bá kọ 230V tàbí 240V, ó gba ti ibí. Ti Ìlú Ọba sábà máa ń bá tiwa mu, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún ibi iṣẹ́ ìkọ́lé níbẹ̀ tó jẹ́ 110V. Nítorí náà, ẹ má sọ pé “ti Lọ́ńdọ̀nù ni,” kí ẹ kàn fi bọ̀ ọ́. Ẹ kà á.

Bí ṣájà bá jẹ́ 120V, ẹ má sọ dírílì nù. Bátìrì àti ẹ̀rọ kò ní ẹ̀sùn. Ẹ wá ṣájà 230V ti ilé iṣẹ́ kan náà tó bá bátìrì náà mu.

10. Bí a ṣe ń dán an wò lọ́jà

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ má sanwó kí ẹ tó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ ka orúkọ ilé iṣẹ́ lára ẹ̀rọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà kan bá dín, tàbí tí ọ̀kan bá yí padà, ayédèrú ni.

Ẹ ti bíìtì tó tọ́ bọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Kí bíìtì má ṣe jó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹnu tó bá ń mì kò ní lu ihò tó dọ́gba.

Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ó rọra yí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ó sáré. Ẹ fi ìka sílẹ̀, kí ó dúró kíá. Ẹ jẹ́ kí ó yí síwájú, kí ó sì yí sẹ́yìn.

Ẹ lu pákó líle. Ẹ mú pákó dání láti ilé bí wọn kò bá ní. Bí ẹ bá gbóòórùn nǹkan tó ń jó, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ẹ gbé bátìrì sórí ṣájà, kí ẹ rí i pé iná ṣájà tàn. Bí bátìrì méjì bá wà, ẹ dán méjèèjì wò.

Ẹ gba rìsíìtì. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ, iye owó, àti ọjọ́ sí i. Ẹ kà á níwájú wọn.

11. Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ooru ni ọ̀tá bátìrì líthíọ́mù. Ẹ má fi í sínú oòrùn, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì. Bí iṣẹ́ bá mú un gbóná, ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó gbé e sórí ṣájà. Kò dìgbà tí ó bá kú tán kí ẹ tó ṣájì rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sórí iná. Bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń ga tó ń lọlẹ̀, ẹ yọ ṣájà kúrò kí ó má bàa bàjẹ́.

Ẹ má da bátìrì pọ̀ mọ́ ìṣó tàbí súkúrù nínú àpò kan. Irin lè kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí iná sì ṣẹ́. Bátìrì tó bá wú, tó là, tàbí tó ń rùn, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má ṣí i, ẹ má sì sọ ọ́ sínú iná. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé àti sí pákó. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní òun yóò ko ọmọ bátìrì àlòkù sínú rẹ̀. Bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná, ilé iṣẹ́ káfíńtà sì kún fún èérún igi.

Ní ti ara yín, ẹ wọ gíláàsì ìdáàbòbo ojú. Ẹ ká apá aṣọ sókè. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ tó tú nídìí bíìtì tó ń yí, nítorí ó lè wé mọ́ ọn. Ẹ de pákó mọ́lẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ kan dì í mú. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bíìtì, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì. Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ní gbogbo èyí kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

12. Ẹ da èyí kọ sínú ìwé, kí ẹ mú un lọ sọ́jà

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jù: ......
Bátìrì, V: ......
Ṣájà, Output: ...... Ṣé ó bá V mu?
Bátìrì, Ah: ...... Mélòó ni?
Ṣájà, Input: ...... Ṣé ó gba 230V?
Ẹnu ẹ̀rọ: 10 mm tàbí 13 mm?
Ṣé wọ́n kọ “Body only” sí páálí?
Ṣé mo lè rí bátìrì rẹ̀ rà ní àdúgbò?
Iye owó: ₦......

Ẹ kọ ìdáhùn fún dírílì méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tó yan ọ̀kan. Ìwé pélébé yìí kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti kọ, ṣùgbọ́n ó lè gba owó àjọ ọdún kan là.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí 18V àti 20V MAX fi jẹ́ nǹkan kan náà?
2. Wọ́n kọ 88V sí ara bátìrì, wọ́n sì kọ “Output 21V” sí ara ṣájà. Èwo ni ẹ ó gbà gbọ́? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
3. Bátìrì kan jẹ́ 18V àti 3Ah. Òmíràn jẹ́ 12V àti 4Ah. Èwo ló ní iná jù nínú?
4. Wọ́n fi ṣájà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. “Input 120V” ni wọ́n kọ sí i. Kí ni ẹ ó ṣe?
5. Kí ni “Tool only” túmọ̀ sí?
6. Ẹ mú ṣájà fóònù kan nílé yín. Ẹ ka “Input” àti “Output” rẹ̀, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀.